Mẹ́yọ̀ tó fẹsẹ̀ rìn dé Washington torí ọsibítù tí wọ́n tì pa

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2014, mẹ́yọ̀ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà jáde nílé, ó ní òun ń lọ sí Washington, olú ìlú wọn, ẹsẹ̀ lòun sì máa fi rìn ín. Kò wọ bọ́ọ̀sì, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Máìlì 273 ni o, bíi kìlómítà 440. Tẹ́ ẹ bá rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, tẹ́ ẹ padà sí Èkó, tẹ́ ẹ tún gbéra lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò tíì rìn tó. Inú oòrùn oṣù keje sì ni, nígbà tí apá gúúsù Amẹ́ríkà máa ń gbóná bí ààrò. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi rìn ín.

Orúkọ ẹ̀ ni Adam O'Neal, Belhaven sì ni ìlú tó ń ṣe mẹ́yọ̀ fún. Ohun tó lé e jáde ò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n ti ọsibítù kan ṣoṣo tí wọ́n ní pa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, torí pé tí wọ́n bá ti ń sọ pé ìjọba gé owó ìlera, etí wa ti di sí i, ó ti dà bí ìṣirò tí àwọn alákọ̀wé ń bá ara wọn ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú ìlú kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ tọ owó yẹn látibi tó ti ń bọ̀ dé ibi tó ti já, ẹ máa rí i pé ẹnì kan wà níbì kan tó fọwọ́ sí ìwé, ẹlòmíì sì wà lọ́nà jíjìn tó ń wojú ọ̀run pé ìgbà wo ni hẹlikọ́pítà fẹ́ dé.

Belhaven wà ní Beaufort County, ní apá ìlà oòrùn North Carolina, níbi tí omi pọ̀ jù títì lọ. Etí odò Pungo ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò pé 2,000, dúdú àti funfun ló jọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ò ju akàn, ẹja, oko àgbàdo, oko sọ́yà àti oko ọ̀dùnkún lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò ga rárá, tí ìjì ńlá bá ti jà lórí òkun, omi á ya wọ̀lú. Lẹ́yìn ìjì Fran ní 1996 ni owó ìjọba àpapọ̀ wọlé tí wọ́n fi gbé ọ̀pọ̀ ilé sókè sórí òpó, ó wá di pé kẹ́ ẹ tó kanlẹ̀kùn ilé ẹlòmíì ẹ máa kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn. Mo mẹ́nu bà á kẹ́ ẹ lè mọ irú èèyàn tá à ń sọ. Omi wọlé wọn, wọn ò kó kúrò, wọ́n gbé ilé sókè wọ́n sì ń bá ayé lọ. Wọn kì í ṣe èèyàn tó tètè máa ń pariwo.

Ní ìlà oòrùn Belhaven lẹ máa bá Hyde County. Ilẹ̀ Hyde tóbi, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ ò tó 6,000, adágún omi, irà, oko àti igbó ló gba èyí tó kù. Kò sí ọsibítù kankan ní gbogbo Hyde, ẹyọ kan báyìí ò sí, Belhaven ni wọ́n ń gbé aláìsàn wọn wá. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ìlú tí ò ní ju èèyàn díẹ̀ lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọsibítù ṣe (mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa), ẹ bi í pé Hyde ńkọ́. Àwọn tó ń gbójú lé ọsibítù yẹn pọ̀ ju àwọn tó ń sùn sí Belhaven lọ.

Tẹ́ ẹ bá yọ ti Belhaven kúrò, ọsibítù tó sún mọ́ wọn jù wà ní Washington. Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú o, Washington méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan jẹ́ ìlú kékeré ní Beaufort County níbẹ̀, bíi máìlì 30 sí Belhaven, Washington Kékeré ni wọ́n máa ń pè é kí àlejò má baà ṣì í mú. Èkejì ni Washington tí Ààrẹ ń gbé. Kékeré ni áńbúláńsì ń gbé aláìsàn lọ, ńlá ni mẹ́yọ̀ gbé ẹjọ́ lọ.

Máìlì 30 lè dà bíi pé kò tó nǹkan létí yín. Àmọ́ ẹni tó wà ní Hyde lápá òkun lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ní kó máa lọ sí Washington Kékeré, ó lè jẹ́ máìlì 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí títì tóóró tó gba àárín irà kọjá, tí àgbọ̀nrín sì máa ń já lu mọ́tò lóru. Tí ọkàn bá daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni, oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ ní gbèdéke, tí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ bá ti kọjá wọn kì í fẹ́ fún èèyàn mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya fọ́tò ọpọlọ kí wọ́n tó fún un. Wàá ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi pe fóònù, èyí tí áńbúláńsì fi dé, èyí tí wọ́n fi gbé e wọnú ọkọ̀, kó o tó wá ka ti máìlì 70.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni ejò ti wọ̀lú.

Ọsibítù ìgbèríko dà bíi dáńfó tí wọ́n pàṣẹ fún pé tí aago bá ti lù ó gbọ́dọ̀ gbéra, bó kún bí ò kún. Wọ́dù pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ní dókítà, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì, iná gbọ́dọ̀ wà, ọ́síjìn gbọ́dọ̀ wà, wákàtí 24 lóòjọ́, bó jẹ́ èèyàn kan ló wá lóru bó jẹ́ ogún. Dáńfó á wo ẹ̀yìn, á ní òun ò rí èrò, á lọ páàkì sábẹ́ igi. Ọsibítù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tó ń ná ò dín kù, àwọn tó ń sanwó ló kéré. Ta ló wá ń sanwó? Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ń san ti àwọn tó ti pé ọdún 65, orúkọ ètò yẹn ni Medicare. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ń san ti àwọn tálákà, ìyẹn Medicaid. Àwọn tó kù, ìnṣọ́ráǹsì ibi iṣẹ́ wọn ló ń san án. Àmọ́ ta ló ń fún apẹja akàn ní ìnṣọ́ráǹsì? Ọ̀gá ara ẹ̀ ni. Ìgbèríko bíi Belhaven, arúgbó pọ̀, tálákà pọ̀, àwọn tí ò ní nǹkan kan rárá pọ̀.

Ohun míì tún wà o. Láti 1986 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé wọ́dù pàjáwìrì ò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni, bó lówó bí ò lówó, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n mú kí ara ẹ̀ balẹ̀. Òfin tó dáa ni jàre. Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń ní kí ẹ lọ san dípọ́sì kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn tó ń japoró ò ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò sọ ẹni tó máa san bílì. Tí onítọ̀hún ò bá ní ìnṣọ́ráǹsì, tí ò sì lówó, ọsibítù ló gbé e mì.

Wọn ò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí Medicare yí bó ṣe ń sanwó fún ọsibítù padà, ọsibítù ìgbèríko tó kú pọ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ètò kan sílẹ̀ ní 1997 fún àwọn ọsibítù kéékèèké tó jìnnà sí òmíràn, èyí tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò ju 25 lọ, pé Medicare ò ní máa ná wọn lọ́jà mọ́, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ná sórí aláìsàn, ìjọba á san án, nígbà tó yá wọ́n tún ń fi dọ́là kan lé e lórí gbogbo 100. Ẹ ò rí i pé ó bọ́gbọ́n mu? Ìyá alákàrà tẹ́ ẹ bá ní kó máa ta àkàrà lágbègbè tí èèyàn ò sí, ẹ gbọ́dọ̀ dá owó ẹ̀wà àti epo padà fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ wo ló fẹ́ dúró dà. Ọsibítù Belhaven wà nínú ètò yẹn.

Ó wá di oṣù kẹrin 2013. Wọ́n ń bá ara wọn jà ní Washington Ńlá lórí gbèsè, wọn ò rí ojútùú sí i, ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti fi dẹ́rù ba ara wọn bá gún gbogbo ayé: wọ́n yọ ìdá 2 nínú 100 kúrò nínú owó tí Medicare ń san. Owó tó lé lórí ìnáwó tẹ́lẹ̀ wá di owó tó dín sí ìnáwó. Gbogbo arúgbó tí wọ́n bá tọ́jú, àdánù díẹ̀.

Èyí tó burú jù wá kù. Òfin ìlera tí Obama fọwọ́ sí ní 2010, tí wọ́n ń pè ní Obamacare, ó ní àdéhùn kan tó bá àwọn ọsibítù ṣe nínú ẹ̀, pé ẹ jẹ́ ká dín àwọn owó kan kù nínú èyí tẹ́ ẹ ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́ máa di ẹni tó ní Medicaid, owó tẹ́ ẹ pàdánù lápá ọ̀tún máa wọlé lápá òsì. Ó dáa. Ìgbà tó di oṣù kẹfà 2012, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní ìjọba àpapọ̀ ò lè fipá mú ìpínlẹ̀ kankan láti fẹ Medicaid, ìyẹn kí wọ́n kó èèyàn púpọ̀ sí i sínú ẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá wù ú ni kó ṣe é. Bí apá òsì ṣe di ọ̀ràn bó bá wù ọ́ nìyẹn. Apá ọ̀tún ò di bó bá wù ọ́ o, gígé ni wọ́n ń gé e lọ.

North Carolina ní kò wu àwọn. Ní oṣù kẹta 2013, gọ́mìnà wọn ìgbà yẹn, Pat McCrory, fọwọ́ sí òfin tí ilé aṣòfin ṣe pé àwọn ò ní fẹ Medicaid. Àwọn tí ì bá wọlé tó bíi 500,000. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ iye tí ì bá ná ìpínlẹ̀ náà: láti 2014 títí parí 2016, odindi ni ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gbé owó àwọn tó bá wọlé, lẹ́yìn ìyẹn á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dúró sí 90 nínú 100. Wọ́n gbé oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, wọ́n pa ẹnu dé. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ètò Medicaid ìpínlẹ̀ àwọn ti rí játijàti tẹ́lẹ̀, àwọn ò lè kó èèyàn púpọ̀ sínú ẹ̀, àti pé ta ló mọ̀ bóyá Washington á mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ. Èmi ò ní sọ pé ẹ̀rù yẹn ò nídìí, ẹ máa rí i níwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tébi ń pa lónìí, tẹ́ ẹ bá ní kó má jẹun torí bóyá oúnjẹ lè tán lọ́dún mẹ́wàá sí i, ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n.

Ohun tó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé Medicaid ti North Carolina nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà tí ò lọ́mọ nílé, tára yín dá, ẹ lè má ní kọ́bọ̀ lápò wọn ò ní gbà yín. Obamacare náà, ìrànwọ́ tó ń ṣe láti ra ìnṣọ́ráǹsì, àwọn tí owó wọn ti kọjá ìlà òṣì ló wà fún, torí ẹni tó ṣòfin gbà pé tálákà pátápátá ti wà nínú Medicaid. Èyí tó tálákà jù wá bọ́ sáàárín méjèèjì.

Ọsibítù yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Pungo District Hospital ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ní 2011 ni ilé iṣẹ́ ọsibítù ńlá kan tó wà ní Greenville, tó wá ń jẹ́ Vidant Health, gbà á sábẹ́ ara ẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ìlérí tí wọ́n ṣe fáwọn ni pé ọsibítù ò ní kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2013, Vidant kéde pé àwọn máa tì í, pé ilé ti gbó, owó ń jò, àti pé ìpínlẹ̀ ò fẹ Medicaid wà lára ohun tó fà á. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ léra: oṣù kẹta wọ́n kọ owó Medicaid, oṣù kẹrin wọ́n gé owó Medicare, oṣù kẹsàn-án wọ́n ní ká máa palẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ṣọ́ra, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣé ọ̀ràn gọ́mìnà ni àbí ọ̀ràn Vidant. O'Neal ò yọ ìkankan sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ó bínú sí ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, tó jẹ́ ẹgbẹ́ gọ́mìnà náà, ó sì bínú sí Vidant pé ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó gbé ọsibítù ìlú mì kó tún wá pọ̀ ọ́. Èmi náà rò pé owó tí wọ́n gé ló sọ ọsibítù náà di ẹrù tó wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹrù ló pinnu ibi tó máa sọ ọ́ sí, àwọn tó wà nínú yàrá ìpàdé ní Greenville yẹn, ọsibítù ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò nídìí láti pe hẹlikọ́pítà.

Nígbà tí ìkéde yẹn jáde, ìlú dìde. Àwọn tó gbárùkù ti mẹ́yọ̀ yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. O'Neal, funfun ni, ẹgbẹ́ Republican ló wà, ẹgbẹ́ gọ́mìnà gan-an nìyẹn. Ẹni tó wá di alábàárìn ẹ̀ ni Ẹni Ọ̀wọ̀ William Barber, pásítọ̀ dúdú tó jẹ́ ààrẹ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ní ìpínlẹ̀ yẹn, ẹni tó ń kó èrò lọ sí ilé aṣòfin ní Raleigh ní gbogbo ọjọ́ Ajé láti 2013 láti takò ẹgbẹ́ Republican yìí kan náà, tí àwọn ọlọ́pàá ń kó wọn sínú ọkọ̀. Àwọn tí kì í bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà! Àìsàn ò béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n bá jọ di ọ̀rẹ́. NAACP gbé ẹ̀sùn lọ bá ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, pé àwọn dúdú àti tálákà ni títi ọsibítù yìí máa pa lára jù. Ìjọba àpapọ̀ bá wọn dá sí i, wọ́n jókòó, wọ́n ṣàdéhùn, kí ìlú múra láti gba ọsibítù ẹ̀ sọ́wọ́ ara ẹ̀. Kò yọrí sí rere. Vidant ní ìlú ò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe kí ọjọ́ tó pé, mẹ́yọ̀ ní Vidant ló dìídì dí àwọn lọ́nà.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje 2014 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ọdún òmìnira Amẹ́ríkà pé, Belhaven sì lókìkí nítorí ọdún yẹn, àwọn èèyàn máa ń tọ̀nà jíjìn wá wo ìwọ́de àti iná tí wọ́n máa ń yìn lójú òfuurufú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n tì í tí ọkàn obìnrin kan ní Hyde County fi daṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn áńbúláńsì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n Belhaven tí wọn ì bá sáré gbé e lọ ti di ilé òfo, wọ́n wá pe hẹlikọ́pítà, wọ́n sì ń dúró dè é ní pápá ilé ìwé kan. Nígbà tí hẹlikọ́pítà máa fi dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣé tí ọsibítù bá ṣì ṣí, ṣé ì bá yè? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó dájú ni pé wọn ì bá gbé e débì kan tí dókítà wà dípò kí wọ́n máa wojú ọ̀run. Ọkọ ẹ̀ dé Washington Ńlá nígbà tí mẹ́yọ̀ parí ìrìn ẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ó wà níbẹ̀ níwájú ilé aṣòfin.

Ìrìn yẹn gan-an, ẹ má rò pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Republican tó jáde sí gbangba láti sọ pé ẹgbẹ́ òun ti ṣìnà lórí Medicaid, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò ní pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn tẹ̀ lé e, orúkọ Belhaven tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ò gbọ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé ìròyìn. Bob Zellner náà bá wọn rìn, ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin funfun láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ní àwọn ọdún 1960, arúgbó ti dé sí i ní 2014 o, ó ṣì tún bọ́ sọ́nà. Oṣù kẹfà 2015, wọ́n tún rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí àwọn ará ìpínlẹ̀ míì wá bá wọn rìn, torí bí wọ́n ṣe ń ti ti Belhaven ni wọ́n ń ti ti Georgia, ti Tennessee, ti Texas.

Ṣé ìrìn náà ṣí ọsibítù? Rárá o. Ìlú wá owó kiri lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ láti fi tún un ṣí, ilẹ̀ àti ilé ò sí lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù, ó kúrò ní kọ́ọ̀tù, títí tí agbára fi pin. Vidant kọ́ kíníkì sí Belhaven. Mi ò fojú kéré kíníkì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ga tó nílò oògùn oṣooṣù, kíníkì máa ṣe é lóore. Àwa tá a dàgbà sí ibi tí dìsípẹ́ńsárì kan ṣoṣo wà mọ ohun tí dìsípẹ́ńsárì lè ṣe, a sì mọ ìgbà tí olùtọ́jú á jáde síta, á ní ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ máa gbé e lọ ìlú ńlá.

Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kọkànlá 2014, Thom Tillis, tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣòfin àìfẹ Medicaid yẹn, bọ́ sí ipò sẹ́nétọ̀ ní Washington. Ọ̀rọ̀ ọsibítù Belhaven ò dí i lọ́wọ́. McCrory ní tiẹ̀ fìdí rẹmi ní 2016, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ míì ló pọ̀ nínú ìdí tó fi ṣubú.

Ó gbà wọ́n lọ́dún mẹ́wàá kí North Carolina tó yí ohùn padà. Oṣù kẹta 2023 ni Gọ́mìnà Roy Cooper fọwọ́ sí òfin tó fẹ Medicaid, ilé aṣòfin tí Republican pọ̀ jù níbẹ̀ ló sì dìbò fún un, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, àwọn tó ti wọlé ti lé ní 600,000. Ẹ wá wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀: ní oṣù kẹjọ 2023, ọsibítù Martin General ní Williamston, tí ò jìnnà sí Belhaven púpọ̀, ti ilẹ̀kùn. Ọsibítù kan ṣoṣo tí Martin County ní nìyẹn. Oṣù mẹ́rin péré ló kù.

Àwọn olùwádìí ní yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill ló ń ka àwọn ọsibítù ìgbèríko tó ń kú ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n ti kà láti 2010 ti lé ní 140, láti orí àwọn tó tì pátápátá dé orí àwọn tí ò gba aláìsàn sùn mọ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó kọ̀ láti fẹ Medicaid. Láti 2023 ni ìjọba ti gbà kí ọsibítù kékeré kó bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kúrò, kó fi wọ́dù pàjáwìrì nìkan sílẹ̀, kí ìjọba máa fún un lówó oṣooṣù tó dájú. Mo rò pé irú ẹ̀ ni Belhaven nílò ní 2014. Wọ́dù kan, dókítà kan, nọ́ọ̀sì, iná tí kì í kú. Ìlú ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹ̀rù tó ba àwọn tó kọ Medicaid ní 2013 ò ṣàìnídìí. Ọjọ́ 4 oṣù keje 2025, ọjọ́ ọdún òmìnira náà tún ni, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí òfin tó máa yọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún bílíọ̀nù dọ́là kúrò nínú Medicaid láàárín ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ tó wá láti ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé ọsibítù wa ńkọ́, wọ́n fi bílíọ̀nù 50 dọ́là sí i fún ìlera ìgbèríko, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi máa pín in. Thom Tillis tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó dìbò takò òfin yìí, torí ohun tí gígé Medicaid máa ṣe fún North Carolina ló sì ṣe lóun ṣe takò ó. Mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Ọdún méjìlá ló wà láàárín ohùn méjèèjì.

Ìlà kan sì wà nínú òfin tí North Carolina ṣe ní 2023, ó ní tí ìjọba àpapọ̀ bá fi lè dín 90 nínú 100 yẹn kù, kí ìpínlẹ̀ ti fífẹ̀ náà pa. Títí di báyìí 90 yẹn ṣì dúró. Títì US 264 náà ṣì wà níbẹ̀, òun ló gba inú Hyde wá láti Swan Quarter. Lálẹ́ òní tí nǹkan bá ṣe ẹnì kan lọ́hùn-ún, áńbúláńsì á gbà á, á dé Belhaven, kò ní yà, á kọjá, á wá ku máìlì 30.